Láti Belle Plagne lọ sí Arc 1800, àlọ àti àbọ̀ ní ọjọ́ kan: ọ̀nà wo ló dára jù?

Adéọlá (Leeds)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Nínú oṣù Èrèlé tó ń bọ̀, èmi, ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yóò lo ọ̀sẹ̀ kan ní Belle Plagne, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn abúlé tí ó para pọ̀ di ibùdó síkì (eré yíyọ̀ lórí yìnyín) La Plagne ní àwọn òkè Alps ti ilẹ̀ Faransé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àbúrò ọkọ mi àti ìdílé rẹ̀ yóò wà ní Arc 1800, ní apá Les Arcs. Gbogbo ibi tí mo ti kà nípa rẹ̀ ló sọ pé ibùdó méjèèjì ti di ọ̀kan, pé Paradiski ni orúkọ àpapọ̀ wọn, pé ojú ọ̀nà síkì tó wà nínú rẹ̀ gùn tó kìlómítà 425, àti pé ọkọ̀ orí wáyà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Vanoise Express ló so wọ́n pọ̀.

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí gbogbo wa jọ jẹun ọ̀sán ní ọ̀dọ̀ àbúrò ní ọjọ́ kan, kí a sì padà wá sùn ní Belle Plagne. Èmi àti ọkọ mi lè sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi àwọ̀ búlúù sàmì sí láìsí ìbẹ̀rù, ti pupa náà bí kò bá le jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiwọn kì í wọ síkì rárá, orúnkún wọn kò sì fẹ́ wàhálà. Ṣé ọkọ̀ orí wáyà yìí lè gbé wọn débẹ̀? Bí kò bá lè gbé wọn, ṣé bọ́ọ̀sì wà? Aago mélòó ni ó sì yẹ kí àwa tí a wọ síkì kúrò ní Arc 1800, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wa ní apá ibi tí a kò sùn sí?

Ará Chambéry

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya Vanoise Express sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà dé ìdí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń daru. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í jẹ àkókò. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2003 ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn yàrá rẹ̀ méjì jẹ́ alájà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kó igba (200) ènìyàn, ó sì ń gba orí àfonífojì tí ó wà láàárín Montchavin, ní apá La Plagne, àti Plan-Peisey, ní apá Les Arcs, kọjá, nǹkan bí mítà 1,800, láìsí òpó kankan láàárín, kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ń tún ọ̀kan ṣe, èkejì lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Ní ibi tí ó ga jù, ilẹ̀ jìn sí ẹsẹ̀ yín tó mítà 380, nítorí náà kí ẹni tí òòyì máa ń kọ́ dúró sí àárín, kí ó jìnnà sí fèrèsé.

Ṣùgbọ́n Montchavin kọ́ ni Belle Plagne, Plan-Peisey kò sì í ṣe Arc 1800. Láti ilé yín, ẹ ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí síkì sí Plagne Bellecôte. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti gun àga orí wáyà tí wọ́n ń pè ní Arpette, láti orí òkè yẹn ni ẹ ó sì ti máa sọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ sí apá Les Coches àti Montchavin. Ọ̀nà búlúù wà fún un. Pátákó wà ní àwọn ìkóríta, ẹ sì máa wò wọ́n dáadáa dípò kí ẹ kàn tẹ̀ lé ẹni tó wà níwájú, nítorí pé ibòmíràn ni ó lè máa lọ ní tirẹ̀. Bí ẹ bá ti sọdá sí Plan-Peisey, ẹ ó tún gun àga orí wáyà lápá Peisey-Vallandry kí ẹ tó lè sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀bá igbó lọ sí Arc 1800. Oṣù Èrèlé sì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ilẹ̀ Faransé máa ń gba ìsinmi òtútù, ìdúró lórí ìlà nídìí Arpette lè gùn ju ìrìn Vanoise Express fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ fún àlọ.

Àbọ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí ẹ bá sọ̀ nínú Vanoise Express ní apá Montchavin, ìsàlẹ̀ òkè ni ẹ ṣì wà, bẹ́ẹ̀ ni Belle Plagne wà ní mítà 2,050. Àga orí wáyà mélòó kan ni ẹ gbọ́dọ̀ gùn tẹ̀ léra wọn kí ẹ tó tún padà dé orí Arpette, bí ọ̀kan péré nínú wọn bá sì ti dúró fún ọjọ́ náà, ọ̀nà ti dí. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ fi aago tí Vanoise Express ń parí iṣẹ́ ṣe òdiwọ̀n. Aago tí àga tó ń gbé ènìyàn padà sí orí Arpette ń parí iṣẹ́ ni kí ẹ dì mú. Kí ẹ tó sọdá ní àárọ̀, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ọkọ̀ náà ní aago tí ẹni tó ń padà sí Bellecôte gbọ́dọ̀ ti sọdá padà. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní jókòó kọjá aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ní Arc 1800, kódà bí oúnjẹ kò bá tíì tán lórí tábìlì. Tí ẹ bá ti dé orí Arpette, ìsọ̀kalẹ̀ lásán ló kù dé Bellecôte, gọ́ńdólà (yàrá kékeré orí wáyà) tó ti ibẹ̀ gòkè sí Belle Plagne sì máa ń ṣiṣẹ́ wọ alẹ́.

Ti owó ńkọ́? Tíkẹ́ẹ̀tì La Plagne nìkan kò ní gbé yín sọdá, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹ ra ti Paradiski fún gbogbo ọ̀sẹ̀ nítorí oúnjẹ ọ̀sán kan. Ẹ lè ra ti La Plagne, kí ẹ sì san àfikún fún ọjọ́ tí ẹ ó sọdá.

Ọmọ Ìbàdàn ní Geneva

Ará Chambéry, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n obìnrin ṣe.

Vanoise Express ń gbé ẹni tí kò wọ síkì, tíkẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn sì wà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí gọ́ńdólà kankan tó ti Bellecôte lọ sí Montchavin. Àga orí wáyà ni Arpette, àwọn tó wọ síkì ni wọ́n ṣe é fún, bí ẹlẹ́sẹ̀ tilẹ̀ dé orí rẹ̀, yìnyín nìkan ni yóò bá níbẹ̀. Àwọn tí ọkọ̀ ńlá yẹn wúlò fún jù láìwọ síkì ni àwọn tó sùn ní Montchavin tàbí Les Coches. Wọ́n lè sọdá ní àárọ̀, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ láti Plan-Peisey dé Vallandry, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì padà.

Nítorí náà, ìsàlẹ̀ àfonífojì ni kí ẹ̀gbọ́n yín gbà. Kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì láti Belle Plagne sọ̀ kalẹ̀ sí ibùdókọ̀ ojú irin Aime-la-Plagne, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin dé Bourg-Saint-Maurice, níbi tí ojú irin náà pin sí. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọn yóò fi rìn dé ìdí ọkọ̀ ojú irin kékeré tí okùn ń fà gun òkè, tí ó ń gbé ènìyàn dé Arc 1600 ní ìṣẹ́jú méje. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ láàárín Arc 1600 àti Arc 1800 kì í gba owó. Bí mo ti ń tò ó yìí, ó lè dà bí ìrìn àjò ńlá, ṣùgbọ́n jíjókòó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì sí ibi tí orúnkún yóò ti jìyà àyàfi orí àkàsọ̀ bọ́ọ̀sì. Kí wọ́n wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ilẹ̀ mú, nítorí pé ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń dúró máa ń yọ̀ ní àárọ̀.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ lo apá méjèèjì kò yẹ kí ó sùn sí Belle Plagne rárá. Les Coches tàbí Vallandry ló yẹ ẹ́.

Ìyá Táíwò (London)

Mi ò gbà pẹ̀lú gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Les Coches wà ní nǹkan bí mítà 1,450, bí oòrùn bá sì mú fún ọjọ́ díẹ̀, yìnyín ìsàlẹ̀ yẹn á ti rọ̀ tẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, á sì tún dì gan-gan ní alẹ́. Belle Plagne ga jù ú lọ dáadáa. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Adéọlá fẹ́ fi sọdá, ọjọ́ tó kù ní ọ̀sẹ̀ náà ni yóò fi gbádùn ibi tó sùn sí. Kí ló dé tí yóò fi gbogbo ọ̀sẹ̀ sin ọjọ́ kan?

Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí ẹni tí kò wọ síkì ti lè gba orí òkè kọjá láti ibùdó kan sí òmíràn, ẹ wo Zermatt ní Switzerland àti Cervinia ní Ítálì. Láti ọdún 2023 tí wọ́n ti parí ọkọ̀ orí wáyà tó kù láàárín wọn, ẹlẹ́sẹ̀ lè jókòó sínú ọkọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì, kí ó sì gba ibi tó ga tó mítà 3,800 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n rò mọ́ ọn. Ti Paradiski kò rí bẹ́ẹ̀; àwọn tó wọ síkì ni wọ́n so ó pọ̀ fún.

Adéọlá (Leeds)

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. A ti san owó ilé Belle Plagne, a kò lè yí i padà mọ́. Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ béèrè. Bí a bá ní kí àwọn ará Arc 1800 wá pàdé wa ní Vallandry dípò kí a lọ bá wọn, ṣé kò ní dín ìrìn wa kù? Bí atẹ́gùn líle bá sì dá ọkọ̀ orí wáyà dúró nígbà tí a ti sọdá, báwo ni èmi àti ọkọ mi yóò ṣe délé pẹ̀lú síkì lọ́wọ́?

Ará Chambéry

Vallandry yóò dín ìrìn yín kù lóòótọ́, yóò sì fi bíi wákàtí kan kún àkókò tí ẹ ó fi jókòó. Bí ẹ̀yin méjèèjì nìkan bá ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ní kí ẹ ti pàdé. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n yín yóò ní láti sọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Landry, kí wọ́n sì máa retí bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè láti ibẹ̀, èyí tí kì í lọ lemọ́lemọ́ bí ọkọ̀ tí okùn ń fà ní Bourg-Saint-Maurice. Ẹni tí ọ̀nà tó lè gbà kò pọ̀ ni ó yẹ kí a fi yan ibi ìpàdé. Ẹ̀yin ní síkì lẹ́sẹ̀, ẹ lè tètè jáde nílé nígbà tí àwọn àga bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín kò ní ju bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin lọ.

Ní ti atẹ́gùn, Vanoise Express máa ń dúró bí ó bá ti le jù, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àga tó wà lókè. Ẹ wo ojú ọjọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bí wọ́n bá ti sọ pé atẹ́gùn ń bọ̀ lọ́sàn-án, ẹ sún un síwájú, kódà bí àárọ̀ bá mọ́ rekete. Bí ó bá ká yín mọ́ òdìkejì, ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n yín gbà náà ni ẹ ó gbà padà: bọ́ọ̀sì dé Arc 1600, ọkọ̀ tí okùn ń fà dé Bourg-Saint-Maurice, ọkọ̀ ojú irin dé Aime, bọ́ọ̀sì dé Belle Plagne. Wọn kò ní lé yín nítorí síkì, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e. Bàtà síkì ni yóò dà yín láàmú nínú ìrìn gígùn bẹ́ẹ̀, ẹ fi bàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sínú àpò ẹ̀yìn. Kí ẹ sì mọ aago tí bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ń kúrò ní Aime, nítorí pé takisí láti ibẹ̀ gun gbogbo kọ́nà yẹn ní alẹ́ yóò dá owó lu yín lára.

Ìyá Táíwò (London)

Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n obìnrin kò fi ní sùn ní Arc 1800 lọ́jọ́ náà? Bí wọ́n bá ti rin gbogbo ìrìn yẹn débẹ̀ ní àárọ̀, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà ní ìrọ̀lẹ́ kò bójú mu, pàápàá nígbà tí àwọn ọmọ ẹbí wà níbẹ̀. Ohun kan tún kù: ẹ má mú Sátidé. Ọjọ́ náà ni àwọn àlejò ọ̀sẹ̀ kan ń lọ tí ti ọ̀sẹ̀ mìíràn ń dé, ọ̀nà àfonífojì àti ọkọ̀ ojú irin sì máa ń kún fọ́fọ́.

Adéọlá (Leeds)

Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́, wọ́n ní àwọn fara mọ́ ọn, àwọn ọmọ àbúrò náà sì ti ń ka ọjọ́. Wọ́n á lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nípasẹ̀ Aime, wọ́n á sùn níbẹ̀. Àwa yóò sọdá lórí síkì ní Ọjọ́rú, aago kan ààbọ̀ ni a ó dìde nídìí oúnjẹ, wọ́n á sì fi ọkọ̀ ojú irin padà wá bá wa ní Ọjọ́bọ̀. Bí atẹ́gùn bá wà ní Ọjọ́rú, àwa náà á gba ìsàlẹ̀ lọ láìgbé síkì dání rárá.