Ohun tí àpò ẹ̀gẹ́ kọ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó sọ lánàá pé òun gba ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà tán, síbẹ̀ tí òun ò lè tún jẹnẹrétọ̀ ìyá òun ṣe, òun ló mú mi jókòó kọ tèmi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí wọ eegun, torí èmi náà ti wà níbẹ̀ rí.

Ọdún márùn-ún la fi ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Lọ́dún kẹta, wọ́n ní ká ya àwòrán ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń fún omi kúrò lára nǹkan. Mo ya tèmi lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti inú nóòtì, nítorí mo rí i pé irin tí yóò gbà kò ní tó ìyẹn, owó rẹ̀ á sì fúyẹ́. Olùkọ́ wa fi bírò pupa fa ìlà lé e látòkè délẹ̀, ó ní, "Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?" Òdo ni mo gbà. Láti ọjọ́ náà, ohun tó wà nínú nóòtì ni mo ń dá padà fún wọn, máàkì mi sì ń gòkè. Àmọ́ ìfẹ́ tí mo ní sí iṣẹ́ náà láti kékeré ti ń kú lọ nínú mi.

Lọ́dún kẹrin ni I.T. olóṣù mẹ́fà dé, ìyẹn ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ṣẹ́ níta ilé-ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ mi rí ibi gidi ní Èkó, èmi ò rí. Àǹtí mi tó ń ra gààrí tà ló mú mi lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ìlọ-ẹ̀gẹ́. Òun ló ń buwọ́ lu logbook mi, ìwé tí mò ń kọ iṣẹ́ mi sí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn màmá tó ń yan gààrí lẹ́yìn ìlú ni mo ti ń lo ọjọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, mo rí i pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti lọ̀ máa ń wà nínú àpò lábẹ́ jáàkì fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Mo ní, áà, iṣẹ́ mi rèé! Mo fi odidi òru ya ẹ̀rọ tí yóò fún omi rẹ̀ tán láàárín wákàtí kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ bá Màmá tó jẹ́ olórí wọn.

Màmá ò wo ìwé. Ó tú ẹnu àpò kan, ó bu ẹ̀gẹ́ kún ọwọ́, ó gbé e sí mi nímú. Ó kan, ó ń ta mí nímú. Ó dì í mọ́ ọwọ́, ó wá la ọwọ́: ẹ̀gẹ́ náà dúró bí ìṣù díẹ̀, ó sì tú wẹ́wẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, omi nìkan kọ́ là ń dúró dè. Bí o bá fún un tán ní wákàtí kan, kì í ṣe gààrí Ìjẹ̀bú mọ́. Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi?"

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo lọ kà á pé nígbà tí wọ́n bá lọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì fi í sílẹ̀, èròjà kan tó wà lára rẹ̀ ló máa ń tú májèlé sayanáìdì inú rẹ̀ sílẹ̀. Díẹ̀ á bá omi lọ, díẹ̀ á bá ooru agbada lọ. Màmá ò mọ orúkọ èyíkéyìí nínú wọn, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Mo wá bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi láti bi ní ilé-ìwé: "Màmá, kí ló ń yọ yín lẹ́nu gan-an?" Ó fi ìka tọ́ka sí ojú rẹ̀. Ó pọ́n kankan. Èéfín ni.

Ààrò ni a wá dojú kọ. A yí ẹnu iná sí ẹ̀yìn ògiri, a fi páànù ṣe ihò tí èéfín yóò gbà jáde. Àkọ́kọ́, èéfín padà wọlé. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, iná jó jù, gààrí àárín agbada jóná, mo sì rí bí ojú Màmá ṣe rí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta la tó dín ẹnu iná kù, ó sì gbà.

Ọ̀rọ̀ owó tí a ó fi ṣe ààrò àwọn yòókù ló tún kọ́ mi ní nǹkan mìíràn. Inú èésú wọn ni wọn yóò ti yọ ọ́, ààrò ta ni yóò sì ṣáájú? Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ títí bí olùkọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Màmá ní kí n jókòó, ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò tíì lanu láti àárọ̀ ló sọ pé opó kan tó ń wúkọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí mo ṣe rí olórí gidi níṣẹ́ nìyẹn.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi wà nínú bí a ṣe lè tún ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ṣe. Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti dá SIWES sílẹ̀, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí I.T., ó sì dára, ó gbà mí là. Ṣùgbọ́n ọdún kẹrin ti pẹ́ jù. Ọdún kìíní ló yẹ kí ọmọ ti máa jókòó ti àwọn tó níṣòro. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń ṣàkóso yunifásítì ní Nàìjíríà, gbé jáde ní 2022, ìdá 30 nínú 100 ni wọ́n fi sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ohun tirẹ̀ kún un. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin olùkọ́ tó wà níbí, ẹ fi gààrí Ìjẹ̀bú àti obì Rẹ́mọ sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń dá ilé-ìwé ẹnjiníà Olin sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ 30 ni wọ́n pè wá ní 2001 kí wọ́n bá àwọn olùkọ́ fi ọdún kan dán ètò ẹ̀kọ́ wò, kí kíláàsì àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n bi léèrè! Èmi, "ta ló rán ọ" ni wọ́n bi mí.

Mo ṣì ń lọ sọ́dọ̀ Màmá. Ó ku nǹkan kan tí a ò tíì rí ojútùú sí: bí òjò bá ti ń rọ̀, tí igi tutù, èéfín tún máa ń padà wọlé. Ẹni tó bá ti bá irú rẹ̀ pàdé nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é.