Ìwọ̀n oògùn ikọ́ fée (asthma) fún ọmọ ọdún 4: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ìyá kan, Ìyàrá
Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 4, ó sì wọn kílò 15. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni àyà rẹ̀ ti ń dún fíì-fíì lóru. Dókítà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò ní Kabba sọ pé ikọ́ fée ni, ó sì ní kí n máa fín inhaler salbutamol, oògùn tí ń la ọ̀nà èémí, fún un lẹ́ẹ̀mejì nígbàkígbà tí mímí bá ni ín lára. Ìyá ọkọ mi ní ó pọ̀ jù fún ọmọ kékeré, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Salbutamol olómi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún 9, lò kù náà sì wà nílé. Báwo ni a ṣe ń mọ ìwọ̀n tí ó tọ́? Ṣé a lè pín ti ẹ̀gbọ́n sí méjì fún un?

Bàbá kan, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀
Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Láti ọdún 2023 tí ilé-iṣẹ́ GSK ti kúrò ní Nàìjíríà ni Ventolin, ìyẹn salbutamol tiwọn, ti gbówó lérí. Oògùn oníhóró ti àgbà ni àwa máa ń gé sí méjì fún àwọn ọmọ, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Apòògùn, Ìsánlú
Bàbá, mo tọrọ gáfárà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Oògùn tí ọmọ gbé mì máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá kí ó tó dé àyà. Ìdí nìyí tí kì í fi í tètè ṣiṣẹ́, tí ó sì máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ọkàn sì máa sáré. Fún ikọ́ fée, inhaler tí a ń fi ẹnu fà sí àyà ni àwọn onímọ̀ ń gbà wá níyànjú láti lò.

Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà gbọ́ ìṣirò yìí. Ẹ̀ẹ̀kan tí a bá fín inhaler, microgram 100 ni ó ń jáde. Mílílítà 5 oògùn olómi ní mílígíráàmù 2 nínú, ìyẹn microgram 2000, ìlọ́po 20 rẹ̀. Fífín lẹ́ẹ̀mejì kò pọ̀ jù rárá, pàápàá nígbà tí púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun àti ike tí kò sì ní dé inú ẹ̀dọ̀fóró. A kì í fi kílò ọmọ dín in kù bí a ti ń ṣe fún oògùn olómi.

Ọ̀nà tí a gbà ń fín in ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ mi inhaler dáadáa, ẹ fi spacer, ìyẹn ike tí ọmọ á máa gba inú rẹ̀ fa oògùn, sí i, ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ mí ní ìgbà 5 tàbí 6 kí ẹ tó fín ìkejì. Bí ara kò bá tù ú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ tún fín in lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì lè ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ó bá ṣì ń hélẹ̀ lẹ́yìn fífín 6 láàárín wákàtí 2, ilé ìwòsàn ló kàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè sọ̀rọ̀ já gaara, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn wọnú bí ó ti ń mí, tí ètè rẹ̀ dúdú bí aró, tàbí tí ó ń tòògbé, ẹ má dúró ka nǹkan kan. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì máa fín in lójú ọ̀nà.

Ìyá kan, Ìyàrá
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Bí a kò bá rí spacer rà ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀
Ìgò oníke mílílítà 500 tí ó mọ́ lè dípò rẹ̀: a máa ń lu ìdí rẹ̀ kí ẹnu inhaler lè wọ̀ ọ́ ṣinṣin, ọmọ á sì fi ẹnu sí ọrùn ìgò. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bá yín ṣe àkọ́kọ́.

Nítorí pé òru ni ó ń dà á láàmú, ẹ bi dókítà nípa inhaler ojoojúmọ́ tí ń dènà ikọ́ fée, irú bíi beclometasone. Microgram 100 lójúmọ́ ni ìwọ̀n kékeré rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Kì í ṣe oògùn tí a ń lò kìkì nígbà tí mímí bá ni ọmọ lára, kò sì ń di bárakú, ṣùgbọ́n kí ọmọ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Prednisolone, oògùn gbígbé mì fún ìgbà tí ikọ́ fée bá le, ni a ń fi kílò wọ̀n, mílígíráàmù 1 sí 2 fún kílò kan, kò sì gbọdọ̀ kọjá 30 lójúmọ́ fún ọmọ ọdún 2 sí 5. Dókítà nìkan ni kí ó pàṣẹ rẹ̀, fún ọjọ́ 3 sí 5. Kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ìyá àgbà lè máa tẹ̀ lé e bí ẹ bá wà lóko.