Ibi tọ́rọ̀ yunifásítì àbúrò mi já sí

Ẹ̀yin ará, mo ní n máa padà wá sọ bó ṣe lọ. Fún ẹni tí ò sí ńbẹ̀ níjọ́sí: àbúrò mi obìnrin ń parí SS3, ẹnjiníà ló fẹ́ kà lókè òkun, èjẹ́ǹtì kan wá ń tì wá ṣáá síbi iléèwé kan ní England, mo bi yín bóyá ká gbà.

A ò gbà o. Ẹnìkan nínú yín ní kí n bi èjẹ́ǹtì náà pé ta ló ń sanwó fún un, mo bi í, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀", kó tó jẹ́wọ́ pé iléèwé yẹn ló ń fún òun ní kọmíṣọ̀n. Ó tán.

Jámánì la wá yíjú sí torí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wọn kì í gbowó iléèwé, àfi bíi Baden-Württemberg tó ń gba 1,500 yúrò ní sẹmẹ́sítà lọ́wọ́ àwa ará ìta Yúróòpù. Àmọ́ WAEC nìkan ò gbé e wọlé tààrà, owó ìgbọ́bùkátà ọdún kan tá a máa tì pa sí báńkì kí wọ́n tó fún un ní físà sì lé ní 11,000 yúrò. Màmá ní ká tún un kà, bóyá ojú ló ń ṣe wá.

Àbúrò mi fúnra ẹ̀ ló wá sọ pé òun á kọ́kọ́ wọ yunifásítì nílé ńbí ná, ká máa fi tọ́jú owó. Ó ti ra fọ́ọ̀mù JAMB, ó sì ti ń kọ́ èdè Jámánì lórí fóònù. Láàárọ̀ yìí ló kí màmá ní "Guten Morgen", màmá ní "kí lo pè mí?"

Ẹ ṣé gan-an ni.