"Ọgbọ́n àtọwọ́dá" nínú kíláàsì: ta ló gbọ́n níbẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní kí "ọgbọ́n àtọwọ́dá" (ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "artificial intelligence", AI) wọ ìwé ọmọ Puráímárì 4 bó ṣe wà, mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti délé dóko. Kí àgbà máa lò ó lọ. Ti ọmọdé ni mo ń sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ ní kíláàsì mi. Ọmọbìnrin kan nawọ́: "Ọgbọ́n tí àwọn baba ńlá wa fi lé wa lọ́wọ́ ni, sà." Àtọwọ́dọ́wọ́ ló gbọ́! Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Èyí tó tẹ̀ lé e kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. A bi ẹ̀rọ AI tó wà lórí fóònù mi pé èló ni márùndínlógójì, ó ní 45. Mo ní kí wọ́n fi márùn-ún yọ nínú ogójì. Wọ́n rí 35, síbẹ̀ ọmọkùnrin kan kò gbójú kúrò lára fóònù: "Ṣùgbọ́n sà, ẹ ní ọgbọ́n ni."

Ọ̀rọ̀ wa ló tàn án jẹ. Lédè Yorùbá, inú èèyàn ni ọgbọ́n ń gbé (àfi ti Ìjàpá, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ sì nìyẹn). Ẹ̀rọ yìí kò ní inú. Ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ ló ti kà, ó wá ń díwọ̀n ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú. Yorùbá tó sì kà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni òǹkà wa tó ń yọ sẹ́yìn ṣe ń dà á láàmú.

Àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wò: ó ń sọ̀rọ̀, kò dúró gba èsì. Èyí ń fèsì. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká pè é ní "ẹ̀rọ afèsì"? Èsì lè tọ̀nà, ó sì lè kùnà. Ọmọ tó ti ṣe ìdánwò rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, orúkọ náà kò ká ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán. "Ẹ̀rọ amòye" tí àwọn kan dábàá ní tiẹ̀ tún burú ju ọgbọ́n lọ.

Nígbà tí Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ Puráímárì ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1970, wọ́n ní láti wá orúkọ fún ọ̀pọ̀ nǹkan sáyẹ́ǹsì. Etí ọmọdé ni wọ́n ń wá a fún.

Lọ́jọ́ Ajé, "ẹ̀rọ afèsì" ni màá kọ sójú pátákó. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ nínú rẹ̀, màá kọ ọ́ ránṣẹ́.