Àbájáde: ìdí tí òrùka fáíbà wa fi ń dákú kó tó gba ọ̀nà kejì

Ẹ ṣeun o, ọ̀rọ̀ yìí ti lójútùú. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: mo béèrè ìdí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa fi ń kú fún bí ìṣẹ́jú kan tí fáíbà (okùn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé dátà, tó so àwọn ẹ̀rọ wa pọ̀ yípo bí òrùka) bá já níbì kan, nígbà tí ọ̀nà kejì òrùka náà ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Media converter (ẹ̀rọ kékeré tó ń so fáíbà pọ̀ mọ́ okùn wáyà) ni ọ̀daràn. Fáíbà ti já lóde, ṣùgbọ́n converter ṣì ń tan iná aláwọ̀ ewé sí switch (ẹ̀rọ tó ń darí dátà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì) pé àlàáfíà ni. Switch wá jókòó, ó ń retí BPDU (ìròyìn kékeré tí àwọn switch ń fi ránṣẹ́ síra wọn) tí kò ní dé mọ́. STP àtijọ́ (ìlànà tó ń ti ọ̀nà kejì kí dátà má baà máa yípo láìdúró, tó sì ń ṣí i tí ti àkọ́kọ́ bá já) ló sì wà lórí rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 20 kó tó gbà pé aládùúgbò ti lọ, 15 ní ipò gbígbọ́, 15 mìíràn ní ipò kíkọ́. 50 gééré!

A yọ converter dànù, a ki SFP (ohun kékeré tí fáíbà ń gbà wọ switch) bọ switch tààrà, a sì yí gbogbo wọn sí RSTP (irú STP tó yára). Mo fọwọ́ ara mi fa fáíbà yọ: ping (ìdánwò kékeré tí a fi ń mọ̀ bóyá ọ̀nà ń ṣiṣẹ́) kan péré ló sọnù.

Ẹni tó dábàá ERPS (ìlànà mìíràn tí wọ́n ṣe fún òrùka), òótọ́ lẹ sọ, mílísẹ́kọ́ńdù 50 ni tirẹ̀ láti gba ọ̀nà kejì, ṣùgbọ́n àwọn switch wa tó ti gbó kò ní in. Ó di ìgbà tí owó bá dé. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.