Bí mo ṣe ń wá àwọn obìnrin tó ṣiṣẹ́ ní Royal Arsenal, Woolwich

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń gbé Woolwich tàbí Thamesmead ní London láàárín wa, orí ilẹ̀ Royal Arsenal, ilé iṣẹ́ ohun ìjà àtijọ́, la tẹ̀dó sí. Láti 1671 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó ohun ìjà pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń rọ àgbá níbẹ̀, wọ́n ń di ẹ̀tù sínú ọta. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó bíi 80,000, obìnrin inú wọn sì lé ní 25,000. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal tí ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1886.

Òkìtì kan ní Thamesmead, Tump 53, ló fa ojú mi mọ́ra. Omi yí i ká bíi yàrà ìlú. Ẹyẹ omi ló ń gbé ibẹ̀ báyìí, àmọ́ ohun abúgbàmù ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀ láyé ọjọ́un. Bàbá òyìnbó kan tí mo bá níbẹ̀ sọ fún mi pé ìyá àgbà àwọn wà lára àwọn tó ń di TNT, ohun abúgbàmù kan, sínú ọta. Wọ́n ní TNT yẹn mú kí ara ìyá náà pupa rúsúrúsú, irun iwájú orí wọn náà yí àwọ̀, débi pé ẹni tó bá pàdé wọn ní títì ti mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Mo béèrè bóyá orúkọ ìyá wà nínú ìwé kankan. Wọ́n ní àwọn ò rí i rí.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìwé ìkànìyàn 1921 ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù Kíní 2022, àǹfààní rẹ̀ sì ni pé wọ́n béèrè ta ló gba èèyàn síṣẹ́ àti ibi tí iṣẹ́ náà wà. Mo mú òpópónà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Plumstead, mo ń kà á láti ilé dé ilé. Àwọn ọkùnrin: Royal Arsenal, Royal Arsenal, Royal Arsenal. Ìyàwó wọn, ọmọbìnrin wọn: iṣẹ́ ilé. Ogun ti parí ní 1918, wọ́n ti ní kí àwọn obìnrin máa lọ sílé. Ó dùn mí gan-an. Májèlé ni TNT, ó sì pa nínú àwọn obìnrin tó ń fọwọ́ kàn án nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohùn wọn ni mo wá lọ ń wá. Imperial War Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ogun, gba ohùn àwọn kan sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n ti darúgbó. Ẹ lọ gbọ́ ọ. Wọ́n máa ń yẹ ara àwọn obìnrin náà wò kí wọ́n tó wọlé iṣẹ́: kò sí ìṣáná, irin tí wọ́n fi ń di irun mú pàápàá ò gbọdọ̀ wọlé, torí iná bíńtín tí irin bá ṣá lè gbé gbogbo ilé lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, n kò lè sọ̀rọ̀ ìbọn láìrántí ogun Ìmàgbọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà, 19 oṣù Karùn-ún 1892. Crayford, tí kò jìnnà sí Thamesmead rárá, ni ilé iṣẹ́ ìbọn Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta tí wọ́n kó wá bá wa jà, wà nígbà náà. Inú mi máa ń ru tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, àwọn obìnrin wọ̀nyí kọ́ ló rán ogun níṣẹ́, mi ò sì fẹ́ kí orúkọ wọn parẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ilé àtijọ́ ní Plumstead tàbí Abbey Wood, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òkè àjà dáadáa. Láti 1916 ni ìjọba ti ń fún àwọn obìnrin ní báàjì onígun mẹ́ta tí wọ́n kọ “On War Service” sí. Tẹ́ ẹ bá rí i, tàbí fọ́tò, tàbí káàdì iṣẹ́, ẹ má dà á nù. Ẹ ya á níwájú lẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú orúkọ òpópónà yín, màá bá yín wo ẹni tó gbé ilé náà ní 1921.