Owó-orí alákàbà ni, àbí owó-orí onípele?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Nínú ìjíròrò wa lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ ká máa lò fún ètò owó àti ìlera, ohun tó wà nílẹ̀ láti ìjẹta ni pé kí la ó máa pe irú owó-orí tó jẹ́ pé bí owó èèyàn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdá tí ìjọba ń mú nínú rẹ̀ á máa ga sí i. Bàbá kan láàárín wa, olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì, ní ká pè é ní “owó-orí onítẹ̀síwájú”. Àbúrò wa tó ń ṣe ìṣirò owó ní “owó-orí alákàbà” ló yé òun jù. Ẹnì kan tún ní ká tilẹ̀ pa “owó-orí” fúnra rẹ̀ tì, ká padà sí “owó òde” tí àwọn baba wa ń wí. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ fèsì. Òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026, àwọn èèyàn wa sì ń gbọ́ nípa rẹ̀ ní Yorùbá lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá fi ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ni wọ́n máa fi rò ó.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ mú “onítẹ̀síwájú” wá, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́: ọ̀rọ̀ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyìn ni. Lórílẹ̀-èdè yìí, orúkọ tí àwọn olóṣèlú ń fún ara wọn ni, kò sì sí ẹni tó máa dìde láàárín àwùjọ kó ní òun ò fẹ́ ìtẹ̀síwájú. Bí a bá wá fi pe owó-orí, a ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ọ. Èmi fúnra mi fara mọ́ irú owó-orí yìí tọkàntọkàn. Ẹni tó ní púpọ̀ ló yẹ kó gbé púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹni tí kò gbà bẹ́ẹ̀ náà rí ọ̀rọ̀ fi sọ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n má sì pè é ní ọ̀tá ìlú. Ohun tí owó-orí náà ń ṣe ló yẹ kó hàn nínú orúkọ rẹ̀. Kò tẹ̀ síwájú lọ síbì kankan. Ńṣe ló ń ga.

Ní ti “owó òde”, ó dùn létí, kò sì sí ẹni tó ka Bíbélì tí kò mọ agbowó-òde: Mátíù wà níbẹ̀, Sákéù tó gun igi nítorí pé ó kúrú wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo irú èèyàn tí agbowó-òde jẹ́ nínú ìtàn wọ̀nyẹn, ẹni tí ará ìlú ń kà mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Owó tí alágbára ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń rùn jáde nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò rò pé ohun tí a fẹ́ kí ọmọ ìlú fi pe owó tó fi ń tọ́jú ìlú ara rẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹni tó mú àbá yẹn wá rí nǹkan kan tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé: “orí” tó wà nínú owó-orí kò bá ohun tí a ń sọ mu. Owó tí à ń san lórí orí ni. Orí kan, iye kan, kò béèrè pé kí lo ní. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà jẹ irú rẹ̀ rí. Ìjọba Margaret Thatcher gbé e dé Scotland ní 1989, ó dé England ní 1990, “orí” náà ló sì wà nínú orúkọ tí ará ìlú fi ń pè é ní èdè tiwọn. Wọ́n bínú jáde sí ìgboro, nígbà tó sì fi máa di 1993, òmíràn ti rọ́pò rẹ̀.

Àwa náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ní owó-orí tiwọn lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti di ẹni tó ń san án, nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró títí di 16. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde sí i ní 1947. Nígbà tó di oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì ti fi ààfin sílẹ̀, wọ́n sì dá owó-orí àwọn obìnrin náà dúró. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969, ohun tó wà lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ ni pé òkè mẹ́fà làwọn ó san. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí rò pé òkè tí à ń gùn ni. Òkè ni àpò owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan, 20,000 ẹyọ, èyí tó padà di ṣílè márùn-ún nígbà tí owó òyìnbó dé. Òkè mẹ́fà jẹ́ ṣílè 30. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ yẹn tó dáyé, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi bá ìjọba dúnàá-dúrà. Ó máa ń jọ mí lójú bí èdè ṣe ń fi nǹkan pamọ́ fún wa báyìí.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, mi ò ní ká ju owó-orí nù. Ó ti gbilẹ̀ jù. Ẹni tó ń sọ “owó-orí ọjà” kì í ronú orí mọ́, ọjà ò sì lórí. Ohun tó kù ni pé ká fún un ní àpèjúwe tó péye.

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí gan-an nìyí. Mo ní àbúrò obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́. Lẹ́yìn tí òfin tuntun yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n fi ipò tó ga lọ̀ ọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ lọ́dún á kúrò ní ₦3,000,000, á di ₦3,200,000. Ó ní òun ò gbà á. Mo ní kí ló dé. Ó ní òun gbọ́ àlàyé owó-orí tuntun, pé bí àkàbà ló rí, pé àtẹ̀gùn ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lòun wà báyìí, tí òun bá sì ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta, òun ti bọ́ sórí àtẹ̀gùn ìdá 18 nìyẹn. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ọmọ rẹ̀: ìdá 18 nínú ₦3,200,000 jẹ́ ₦576,000. Ó yọ ọ́ kúrò, ó ku ₦2,624,000. Ohun tó ń kù fún un tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn owó-orí jẹ́ ₦2,670,000. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí wọ́n fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ mi, kí owó mi wá fi ₦46,000 dín ni?”

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fa ilà mẹ́ta lérí ara wọn, mo ní kó wò ó bí aṣọ tí a ká sínú àpótí. Aṣọ ìsàlẹ̀ pátápátá ni ₦800,000, òfin ò fọwọ́ kàn án rárá. Èyí tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ₦2,200,000, ìdá 15 ni wọ́n ń mú níbẹ̀, ₦330,000. Aṣọ òkè ni ₦200,000 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, òun nìkan ṣoṣo ni ìdá 18 kàn, ₦36,000. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦366,000. Ohun tó máa kù fún un, ₦2,834,000. (Mo yọ ti pẹ́ńṣàn àti àwọn ẹ̀dínkù tó kù sílẹ̀ kí ìṣirò má bàa lọ́jú pọ̀.) Ó tẹjú mọ́ ìwé náà títí. Ó ní, “Àwọn ti ìsàlẹ̀ ò kúrò níbi tí wọ́n wà?” Mo ní wọn ò kúrò. Ó ní, “Kí ló wá dé tí wọ́n ń pè é ní àkàbà?”

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá bá yín. Ẹni tó bá ń gun àkàbà, bó bá ṣe ń dé àtẹ̀gùn òkè ni gbogbo ara rẹ̀ ń kúrò nísàlẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe máa gbọ́ “alákàbà” tí kò ní rò pé gbogbo owó òun ló gòkè. Ọ̀rọ̀ náà dára létí, ó sì rọrùn láti pè, àmọ́ irọ́ ló ń pa fún ẹni tó bá gbà á gbọ́, irọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò lọ́wọ́ àbúrò mi. Èmi fara mọ́ “owó-orí onípele”. Nígbà tí a bá to nǹkan ní ìpele-ìpele, èyí tí a gbé lé e kì í yí ti ìsàlẹ̀ padà. Lóòótọ́ a máa ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ìpele kan bọ́ sí òmíràn, àbúrò wa oníṣirò lè fi ìyẹn dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá lè fi gbólóhùn kan tì í, pé “ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń san tirẹ̀”, ó tán. Nínú ìpele mẹ́ta tí mo kà yẹn, ìpele ìdá 18 fẹ̀ dé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, mílíọ̀nù 13 tó tẹ̀lé e ń san 21, mílíọ̀nù 25 tó tún tẹ̀lé e ń san 23, ohun tó bá lé ní mílíọ̀nù 50 ń san 25. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù pàápàá, ₦800,000 àkọ́kọ́ tirẹ̀ náà wà lómìnira bíi ti àbúrò mi.

Ọ̀rọ̀ kejì kò ní gùn. Fún bí owó àwọn kan ṣe ju ti àwọn mìíràn lọ, ẹ ń lo “àìdọ́gba owó tó ń wọlé”. Ẹ dán an wò lẹ́nu àgbà kankan, ẹ ó gbọ́ èsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ọmọ ìka ò dọ́gba. Òwe náà ti dúró de ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti pa á kó tó wọlé, torí kò sẹ́ni tó ń wí pé kí ìka dọ́gba. Ohun tó ń dunni ni bí ìka kan ṣe ń gùn sí i lójoojúmọ́ tí òmíràn sì ń kúrú. Mo dábàá “àlàfo”. Àlàfo lè fẹ̀, ó lè dín, a lè dí i, a sì lè wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n tí Corrado Gini, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, gbé jáde ní 1912, láti 0 dé 1 ló ń lọ: 0 bí owó gbogbo èèyàn bá rí bákan náà, 1 bí ẹnì kan ṣoṣo bá gba gbogbo rẹ̀. Ó rọrùn púpọ̀ láti ṣàlàyé ìyẹn pẹ̀lú àlàfo ju pẹ̀lú àìdọ́gba lọ.

Ti ìlera ló nira jù fún mi. “Ìwòsàn ọ̀fẹ́” ti wà lẹ́nu wa láti ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ti Awólọ́wọ̀ ti fi í ṣe ọ̀kan nínú àbá mẹ́rin wọn ní 1979, mo sì mọ̀ pé àwọn tó jẹ àǹfààní rẹ̀ kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n “ọ̀fẹ́” ń bo ẹni tó sanwó mọ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ karùn-ún oṣù keje 1948, owó-orí ló ń gbé ìwòsàn ìjọba wọn jù lọ. Ní Jámánì, láti 1883, òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló jọ ń dá a. Ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ pátápátá nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la sì fi ń pe méjèèjì. Tiwa ní Nàìjíríà ń lo méjèèjì pọ̀: òfin 2014 ní kí ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba àárín gbùngbùn máa lọ sí ìtọ́jú ìpìlẹ̀, òfin 2022 sì sọ adójútòfò ìlera, owó tí àwọn èèyàn ń dá sílẹ̀ kí wọ́n lè fi tọ́jú ẹni tó bá ṣàìsàn nínú wọn, di dandan fún gbogbo èèyàn, ó ní kí àpò kan wà fún àwọn tí kò rówó san.

“Adójútòfò” dára, mi ò ní kí a fi í sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí àwọn tó ń polówó ètò náà bá sọ fún ìyá ọlọ́jà pé “ó dà bí àjọ tí ẹ máa ń dá”. Ẹni tó bá dá àjọ, ó mọ̀ pé ọjọ́ kan á jọ tí òun á kó o, ó sì mọ iye rẹ̀. Ìyá ọlọ́jà náà wá san adójútòfò fún ọdún méjì, ara rẹ̀ le, kò ṣàìsàn. Ó padà wá béèrè owó rẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó pè wọ́n ní olè, kò sì jẹ̀bi, torí àjọ ni wọ́n pè é fún un. Owó rẹ̀ ti wo ọmọ ẹlòmíì sàn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí pé bó ṣe máa rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ì bá dùn bó bá mọ̀.

Ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni “àjọrù”, ẹrù tí a jọ rù. Ẹni tó bá bá ẹlòmíì gbé ẹrù sórí kì í béèrè pé kí wọ́n gbé e padà fún òun. Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ó sì lè jẹ́ pé yóò wúwo létí ẹni tó ń gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kí ẹ dán an wò lọ́dọ̀ àwọn tó wà nítòsí yín, pàápàá àwọn tí kò lọ sílé ìwé, kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rò pé ó túmọ̀ sí kí ẹ tó ṣàlàyé fún wọn, kí ẹ wá sọ èsì wọn fún wa.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá tí ìyá àgbà ṣì wà nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi bi wọ́n: owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin nígbà yẹn, ṣé owó-orí náà ni wọ́n ń pè é, àbí ó ní orúkọ mìíràn tí àwọn obìnrin fúnra wọn ń pè é láàárín ara wọn?